Ká Tó Lọ Sùn: Ṣé Ká Pa Kọ̀ǹpútà Ni, Àbí Ká Fi Sílẹ̀ Mọ́jú?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọn kì í yé bi wá ní ìbéèrè yìí, ó sì ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ nínú ilé tí a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyá kan bẹ̀rẹ̀. Ó wá bá wa níbi tábìlì ìmọ̀ràn lọ́jọ́ Ajé kan, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 16, tó wà ní ìsinmi iléèwé. Iná ilé wọn ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí aago mẹ́wàá ṣe lù báyìí. Mítà àsansílẹ̀ ni wọ́n ń lò, irú èyí tí à ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fi owó sí i. Ìyá yìí ní òun fi £10 sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun sì mọ bí òun ṣe ń lo iná òun; kò yẹ kó tíì tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi ọmọ yìí o. Kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe géèmù, kì í pa á. Mo bá a tó ń tàn yòò ní aago mẹ́ta òru. Ṣé kì í ṣe òun ló ń jẹ owó mi báyìí?"

Ọmọ náà ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa dáhùn, ó ní, "Màmá, wọ́n ní téèyàn bá ń pa á tó tún ń tàn án lójoojúmọ́, ó máa bàjẹ́ ni. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé ẹ ò ní ra òmíràn."

Ta ló jàre nínú wọn? Ìyá ló jàre. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò parọ́ o. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ jẹ́ òótọ́ nígbà kan, lára irú ẹ̀rọ tí kò sí nínú yàrá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ "má pa á" ti wá

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tommy Flowers, ọmọ Poplar ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Ó sọ fún àwọn tó ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ará Jámánì ní Bletchley Park pé òun lè ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò bá wọn yá iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ tí fáàfù onígíláàsì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan máa wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kò lè ṣeé ṣe, pé fáàfù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á kàn máa jó lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Flowers ti mọ̀ látinú iṣẹ́ tẹlifóònù pé fáàfù kì í tètè jó bí a bá tàn án tí a fi í sílẹ̀. Títàn-pípa, títàn-pípa ló ń pa á. Ẹ̀rọ náà, tí wọ́n pè ní Colossus, dé Bletchley Park ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1944, títàn ni wọ́n sì ń fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà á ti rí irú rẹ̀ lára gílóòbù ayé àtijọ́: kì í sábà jó nígbà tó bá ti ń tàn lọ, àfi ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ súwíìṣì rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá wọ ilé àti ọ́fíìsì láàárín ọdún 1980 sí 1990, fáàfù ti kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù míì tún wà. Dísìkì tó ń tọ́jú iṣẹ́ wa ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, orí kékeré kan sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Tí iná bá lọ, orí yìí á balẹ̀. Lára àwọn ti àkọ́kọ́, èèyàn ní láti pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó gbé orí náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó pa á, kó má bàa ha àwo náà. Wọ́n tún ń sọ pé gbígbóná lọ́sàn-án àti títutù lóru á mú kí ibi tí wọ́n jó wáyà pọ̀ nínú rẹ̀ sán. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́, torí irin máa ń fẹ̀ bó bá gbóná, á sì sún kì bó bá tutù. Àmọ́ títàn ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ kò tó nǹkan tí yóò fi di wàhálà.

Ọ̀pọ̀ dísìkì oníyíyí tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, iléeṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè gba títàn àti pípa ìgbà 50,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó ju ọdún 130 lọ. Èyí tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà tí à ń rà báyìí kì í tilẹ̀ yí rárá. SSD ni wọ́n ń pè é, kò ní orí, kò ní àwo. Ohun tó ń yí nínú ẹ̀rọ òde òní ni fáànù. Tí a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ mọ́jú, fáànù yẹn ló ń gbó, òun náà ló sì ń fa eruku kápẹ́ẹ̀tì wọnú rẹ̀. Ẹni tó ní òun ò pa á kó má bàa bàjẹ́ ń fi eruku bọ́ ọ ni.

(Àwòrán tó máa ń rìn kiri lójú gíláàsì nígbà tí a ò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, nítorí gíláàsì ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é, kí àwòrán kan má bàa jó mọ́ ọn lójú. Kò bá wa dín owó iná kù rárá o.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó

Yúníìtì la fi ń ka iná tí à ń rà. Yúníìtì kan ni iná tí ohun èèlò oní-wáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Láàárín ọdún 2024 àti 2025, gbèdéke tí Ofgem, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì ní ilẹ̀ yìí, fi lélẹ̀ ń lọ sókè-sódò láàárín nǹkan bíi péńsì 22 sí 29 fún yúníìtì kan. A ó mú péńsì 25 kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ fi iye tó wà lórí bíìlì tiyín rọ́pò rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣe nǹkan kan, lè máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 100. Fún wákàtí mẹ́wàá lóru, yúníìtì kan nìyẹn, péńsì 25. Ọ̀sẹ̀ kan, £1.75. Ọdún kan, £91. Láptọ́ọ̀pù kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń jẹ wáàtì 15, kò ní tó péńsì mẹ́rin lálẹ́ kan, nǹkan bíi £14 lọ́dún.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà géèmù ni ti ọmọ yìí, kì í sì í ṣe pé ó fi sílẹ̀ lásán. Ó dá géèmù náà dúró díẹ̀ ni, ó lọ sùn, ẹ̀rọ náà sì ń ya àwòrán kan náà léraléra lójú gíláàsì títí ilẹ̀ fi mọ́, bí ẹni pé ọmọ náà ṣì jókòó síbẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ wáàtì 300. Láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì sí àárọ̀ Ajé jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 60. Yúníìtì 18 nìyẹn. £4.50, nínú £10 ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ọ́ sórí bébà fún wọn, ìyá náà ò pariwo bí mo ṣe rò. Ó kàn wo ọmọ náà. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀."

Ká má sì di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ru kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ amúlégbóná kékeré oní-wáàtì 2,000 tí à ń gbé sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wákàtí kan péré, péńsì 50 ló máa jẹ. Mítà sì máa ń yọ owó tirẹ̀ lójoojúmọ́, yálà a tan iná tàbí a ò tàn án. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lóru ń bá àwọn mú yàrá gbóná. Òótọ́ ni, nítorí ooru ni gbogbo iná tó jẹ yóò dà níkẹyìn. Àmọ́ owó yúníìtì gáàsì kan jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin ti iná, nítorí náà ilé tó bá ní gáàsì ń ra ooru yẹn lọ́wọ̀n-ọ́n gan-an ni.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa mítà àsansílẹ̀. Bí owó bá tán lóru tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, mítà náà kì í sábà pa iná lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ohun tí a sì lò láàárín àkókò náà ti di gbèsè tí yóò yọ nígbà tí a bá tún fi owó sí i. Ìdí nìyẹn tí iná ìyá yìí fi lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó fẹ́ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ, tí kò lọ ní òru ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí tí kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó pe iléeṣẹ́ tó ń ta iná fún un kíákíá, kó sọ fún wọn bí ọmọdé, àgbàlagbà tàbí aláìsàn bá wà nílé. Òfin Ofgem ní kí wọ́n ní owó ẹ̀yáwó pàjáwìrì fún àwọn oníbàárà alásansílẹ̀, kí wọ́n sì ní àfikún fún àwọn tí ipò wọn le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sínú òkùnkùn nítorí ìtìjú.

Ó lè sùn láìkú

Láàárín kí á fi í sílẹ̀ àti kí á pa á pátápátá, ọ̀nà kẹta wà. Ẹ ó rí i lójú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ Sleep. Bí kọ̀ǹpútà bá sùn, gíláàsì rẹ̀ á ṣú, fáànù á dúró, iná díẹ̀ ló sì ń lọ síbi tó fi ń rántí iṣẹ́ tí à ń ṣe lọ́wọ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kò ju wáàtì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Wáàtì méjì fún wákàtí mẹ́wàá, ìdajì péńsì kan ni. Kò tó £2 lọ́dún. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun: láti ọdún 1992 ni àjọ ààbò àyíká ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ àmì Energy Star, kọ̀ǹpútà àti gíláàsì rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí lára.

Lójú tèmi, ilé tí ọmọ ti ń lo kọ̀ǹpútà tí kì í rántí pa á, èyí ló dára jù fún un: kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kí ọmọ jáde kúrò nínú géèmù pátápátá, torí géèmù tó ṣí sílẹ̀ lè máà jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kó tó dìde. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń sùn, ohun tí a kò tíì fi pamọ́ lè bá a lọ.

Àwọn míì ní torí àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní update làwọn fi ń fi sílẹ̀ mọ́jú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ káàkiri ayé. Ní England níbí, ó dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ó kéré tán 80 nínú 236 àjọ tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn NHS, wọ́n sì ní láti dá àwọn aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dí ihò yẹn jáde láti oṣù kẹta. Àwọn ẹ̀rọ tí kò tíì gbà á ló kàgbákò.

Ṣùgbọ́n fífi sílẹ̀ ní gbogbo òru kọ́ ló ń mú kí àtúnṣe wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft sábà máa ń gbé tiwọn jáde, ó sì máa ń sọ kalẹ̀ nígbà tí à ń lo ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ohun tó ń fẹ́ kó tó parí ni Restart. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe: wọ́n á pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé lálẹ́, wọ́n á ṣí i láàárọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á kọjá láìṣe Restart kankan. Ẹ tún wá wo nǹkan yìí. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde lọ́dún 2012, Shut down kì í sábà pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ó máa ń fi apá kan pamọ́ sórí dísìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Restart ló ń tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ̀rọ bá ń lọ́ra tàbí tó ń ṣe bákan, Restart ni kí ẹ tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Bó bá sì kọ ọ́ sójú pé òun ń ṣe àtúnṣe lọ́wọ́, pé kí ẹ má pa òun, ẹ fi í sílẹ̀ kó parí, kódà bí oorun bá ń kùn yín. Ẹni tó bá ṣì ń lo Windows 10, kó mọ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó ń wá fúnra rẹ̀ dúró. Ẹ mú ẹ̀rọ náà wá ká jọ wò ó.

Súwíìṣì ara ògiri

Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà, a kì í sábà pa nǹkan. NEPA ló ń bá wa pa á. Iná tó bá sì padà dé lójijì pẹ̀lú agbára ti jó tẹlifíṣàn àti fíríìjì ọ̀pọ̀ ilé, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí wa fi máa ń yọ gbogbo nǹkan lára ògiri kí wọ́n tó sùn. Ọgbọ́n gidi ni nígbà yẹn. Àwọn àgbà wa gbé e dání wá sí ìlú òyìnbó, kò sì burú, bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tẹ Shut down, tí wọ́n dúró kí iná ara ẹ̀rọ kú, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ògiri. Ẹni tó bá gé iná mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì lọ́wọ́ lè bá fáìlì tó ti bàjẹ́ láàárọ̀.

Èyí tó wá ń dùn wá jù rèé. Bàbá kan tó ń dá gbé fi kọ̀ǹpútà rẹ̀, ráútà íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù ilé sórí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ó sì ń pa á ní aago mẹ́wàá alẹ́ láti fi dín owó iná kù. Ó ní bọ́tìnnì ìpè-ìrànwọ́ lọ́rùn, torí ó ti ṣubú rí. Wọ́n ti yí fóònù ilé rẹ̀ padà sí èyí tó ń gba inú ráútà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é lálẹ́ ọjọ́ kan láti Manchester, kò wọlé. Ó pè é lálẹ́ ọjọ́ kejì, kò wọlé. Òun ló wá bi wá léèrè. Nígbà tí a débẹ̀ la rí i pé láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di àárọ̀, láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bọ́tìnnì ọrùn bàbá yẹn kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń lọ káàkiri ilẹ̀ Britain; oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027 ni wọ́n ti kéde pé wọn ó pa fóònù onówáyà bàbà ayé àtijọ́ pátápátá. Ráútà kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Iná tó ń jẹ kò pọ̀, nǹkan bíi wáàtì mẹ́wàá. Ní ilé tí àgbàlagbà tàbí aláìsàn bá wà, ẹ má pa á lóru. Kí ẹ̀yin ọmọ sì sọ fún iléeṣẹ́ fóònù pé òbí yín ní bọ́tìnnì yìí, kí wọ́n tó yí i padà fún wọn, nítorí bí iná àdúgbò bá lọ, ráútà náà á kú àfi tó bá ní bátìrì tirẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ní ewu tirẹ̀. Kí ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga onítìmùtìmù kó máa gba iná sínú bátìrì nígbà tí ẹ bá ń sùn. Aṣọ á dí ihò tó fi ń mí, ooru á gbára jọ sábẹ́ rẹ̀, bátìrì lítíọ̀mù tó bá sì gbiná kì í fún èèyàn láyè. Orí tábìlì ni kó wà, kí ẹ sì gba iná sí i nígbà tí ojú yín là. Àtẹ́rígbà oníyẹpẹrẹ tí a rà lọ́jà, tí ara rẹ̀ ń gbóná gírígírí, ẹ sọ ọ́ nù.

Ìyá àkọ́kọ́ yẹn àti ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ náà bi mí bóyá òun ṣì lè máa fi géèmù tuntun sílẹ̀ kó máa sọ kalẹ̀ lóru, torí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn lọ́ra lọ́sàn-án. Mo ní kó máa ṣe é lálẹ́ kan péré bí géèmù tuntun bá wà, kó pa gíláàsì, kó jáde kúrò nínú géèmù tó ń ṣe, kó sì jẹ́ kí màmá rẹ̀ mọ alẹ́ tó fẹ́ ṣe é. A jọ tún ẹ̀rọ náà ṣe níbẹ̀, torí láptọ́ọ̀pù tiwa ní irú ojú kan náà: a wọ Settings, a wọ System, a wọ Power, a sì yan ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún gíláàsì, ìṣẹ́jú 15 fún Sleep. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lálẹ́ òní, ọ̀nà kan náà ni. Àmọ́ kí ẹ tó pa ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n èyíkéyìí nínú ilé àwọn òbí yín, ẹ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan dé ìdí rẹ̀ ná, kí ẹ sì mọ èyí tó jẹ́ ti ráútà.